Ìwé Tí Mo Tẹ́ Sábẹ́ Òròmọdìẹ

Kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: èmi gan-an ni mo fa ìwé ìlò ẹ̀rọ mi ya, tí mo tẹ́ ẹ sínú páálí kí òròmọdìẹ lè rí nǹkan dúró lé. Kì í ṣe pé n kò mọ̀wé o. Mo kàwé débi tó dára, mo mọ iṣẹ́ wáyà, mo sì lè tú fáànù palẹ̀ kí n tò ó padà kí omi ẹ̀bà tó hó. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ṣe mí, kì í ṣe àìmọ̀kan.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn àgbẹ̀ pa ẹyin wọn di ọmọ ní Àpòmù. Yàrá méjì ni mo gbà létí ọ̀nà, níbi tí àwọn oníṣu àti oníkókò máa ń pàtẹ sí. Yàrá ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ wà. Àpótí ńlá kan ni, ó ga dé èjìká mi, ó ń sàba lé ẹyin bí ìyá adìẹ, àfi pé òun kì í dìde lọ jẹun. Ínkúbétọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. Àwọn ìyá àgbà tó ń gbé ẹyin wá ń pè é ní àgbébọ̀ onírin. Tí o bá gbé ẹyin adìẹ wá lónìí, o máa padà wá kó ọmọ ní ọjọ́ kọkànlélógún. Ti tòlótòló gba ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ó sì gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà dé láti Ìbàdàn, ìwé kan wà nínú páálí rẹ̀. Òyìnbó ló wà níwájú, Faransé tẹ̀ lé e, èdè àwọn ará Ṣáínà tó ṣe ẹ̀rọ náà tẹ̀ lé ìyẹn, èdè Lárúbáwá ló kẹ́yìn. Ọkùnrin tó ta ẹ̀rọ náà fún mi kò tilẹ̀ ṣí i wò. Àmì onígun mẹ́rin kan, dúdú àti funfun, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló nàka sí.

Ó ní, "Mà, ẹ kàn na fóònù yín sí i. Gbogbo manual á yọ síta. Ta ló tún ń ka ìwé?"

Mo na fóònù sí i, gbogbo rẹ̀ sì yọ lóòótọ́, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ oríṣiríṣi. Tí mo bá fẹ́ mọ ìwọ̀n omi, mo kàn máa kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, á sì gbé mi dé ibẹ̀ tààrà. Inú mi dùn dé góńgó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àwọn tó ń tọ́jú ìwé ẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ télọ̀ kan ládùúgbò tó fi ìwé ìlò ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ pamọ́ sínú àpótí aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, mo sì máa ń bi í léèrè bóyá ìwé náà ni ó fẹ́ fi sílẹ̀ bí ogún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìwé tèmi wà lórí fèrèsé, eruku ń bò ó.

Nígbà tí òròmọdìẹ àkọ́kọ́ yọ, n kò ní ìwé ìròyìn kankan nílé tí n ó tẹ́ sísàlẹ̀ páálí. Bẹ́ẹ̀, páálí lásán a máa yọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ adìẹ á sì là gàà, á di arọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo nawọ́ mú ìwé orí fèrèsé. Ìwé náà dára fún iṣẹ́ yẹn, n kò ní tàn yín. Kò yọ̀, ó sì ń fa omi mu.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni màmá mi wá láti Ìkirè láti wá wo àkọ́so iṣẹ́ mi. Wọ́n gbé dòdò lọ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè wo àwọn òròmọdìẹ dáadáa. Àdúrà dá dúró lẹ́nu wọn.

"Astagfirulláàhi! Kéwú nìyí! Kéwú lo tẹ́ fún adìẹ kó máa yàgbẹ́ lé!"

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe Kùránì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Fáànù, omi, iná."

"Ṣé o lè kà á?"

"Mi ò lè kà á, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé…"

"Nígbà tí o ò lè kà á, báwo lo ṣe mọ̀ pé orúkọ Ọlọ́run ò sí níbẹ̀?"

Wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kan gbé òròmọdìẹ kúrò, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì ṣa ewé kọ̀ọ̀kan tó ní lẹ́tà Lárúbáwá lára. Wọ́n fi etí gèlè wọn nù ún. Èyí tó jẹ́ Òyìnbó, Faransé àti ti Ṣáínà, wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ láti máa bá a lọ. Wọ́n ká èyí tí wọ́n ṣà sínú ìborùn wọn, wọ́n gbé e lọ sí Ìkirè, wọ́n sì kó o sínú àpótí ìwé bàbá mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sọ ìtàn náà fún gbogbo oníbàárà tó wá lọ́sẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn dùn mí díẹ̀, n kò ní parọ́. Ààfáà ni bàbá mi. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ aráyé ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìkirè. Èmi nìkan nínú àwọn ọmọ wọn ni mo sá kí n tó ka Kùránì parí kí n ṣe wòlímọ̀, nítorí pé mo fẹ́ràn wáyà àti bátìrì ju wàláà tí wọ́n ń kọ kéwú sí lọ. Mo mọ lẹ́tà, mo lè tò wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń gun òkè, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn sí mi. Bàbá mi kò bá mi jà lórí ẹ̀. Wọn kò kàn bi mí nípa iṣẹ́ mi rí, bí n kò ṣe bi wọ́n nípa tiwọn.

Nígbà tí mo ti lo ọdún kan àti díẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà, ìyá kan wá bá mi láti Ìkòyí. Ìkòyí tiwa níbí ni mò ń wí o, ìlú àgbẹ̀, kì í ṣe ti Èkó. Opó ni ìyá náà, tòlótòló ni wọ́n sì fi ń jẹun. Àrùn kan wọ inú agbo wọn lọ́sẹ̀ náà, ó sì pa gbogbo rẹ̀, akọ àti abo, kò ṣẹ́ku ẹyọ kan. Ohun tó ṣẹ́kù ni ẹyin tí wọ́n ti ń ṣà jọ kí àrùn tó dé. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Wọ́n tò ó sínú agbọ̀n tó kún fún lẹ́búlẹ́bú pákó, wọ́n gbé e lé orí ara wọn, wọn kò jẹ́ kí ọlọ́kadà so ó mọ́ ẹ̀yìn.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò sí ẹyẹ kankan nílé mọ́ tó máa yé òmíràn. Tí èyí bá yọ, mo tún bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá yọ, a jẹ́ pé mo ti kúrò nídìí ẹ̀ nìyẹn, n ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Ifẹ̀."

Bí wọ́n ṣe dárúkọ ilé ọmọ wọn, ó dà bíi pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń sọ. Mo fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pátápátá. Mo ní kí wọ́n lọ sùn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún èmi àti àgbébọ̀ onírin.

Ẹyin náà pé ogún ọjọ́ nínú ẹ̀rọ. Mo ti kírun àárọ̀ tán, oòrùn sì ti yọ, nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn tí mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ń ké. Lójú rẹ̀, níbi tí nọ́ńbà ooru máa ń wà, lẹ́tà E kan àti nọ́ńbà kan ló wà níbẹ̀. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ẹyin gbóná ti dákẹ́. Àyà mi kò já. Mo fa fóònù mi yọ, mo nà án sí àmì dúdú-funfun, mo kọ lẹ́tà E náà síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀, ìdáhùn sì fò jáde lọ́gán: tẹ bọ́tìnnì méjì yìí pọ̀, má fi sílẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi dún.

Mo tẹ méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ dún. Lẹ́tà E lọ, nọ́ńbà padà, ooru tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ rí i? Ìṣẹ́jú méjì péré." N kò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Mo jáde lọ gbálẹ̀ iwájú, mo bá àwọn oníṣu ṣàwàdà díẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé tí mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ooru kan gbá mi lójú bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò. Ojú ẹ̀rọ ń sọ pé nǹkan ṣì tutù, pé òun ṣì ń mú un gbóná bọ̀. Tẹmómítà kékeré onígíláàsì tí mo so mọ́ inú rẹ̀ fúnra mi ti kọjá ogójì. Mo fa wáyà yọ lójú ẹsẹ̀. Mo fi kúbùsù méjì bo ẹ̀rọ kí ẹyin má baà tutù jù, mo sì dúró síbẹ̀. Tí mo bá tan án padà, á sè wọ́n. Tí mo bá pa á tì, òtútù á pa wọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo rí ojú ìyá Ìkòyí kedere.

Mo pe ọkùnrin tó ta ẹ̀rọ fún mi. Ó ní kí n wo línkì tó wà lórí fóònù. Mo ní mo ti wo línkì. Ó ní kí n tún un wò. Mo wá fara balẹ̀ wo àwòrán tó wà lórí fóònù, mo gbé e súnmọ́ ojú ẹ̀rọ. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà lára ti inú àwòrán. Mẹ́rin ló wà lára tèmi. Orúkọ kan náà ni, àwọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti tún un ṣe lẹ́yìn tí mo ra tèmi, wọ́n sì ti pààrọ̀ ìwé orí fóònù sí ti tuntun, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Ìwé orí fóònù a máa bá ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lónìí rìn, ẹ̀rọ tó wà nílé èèyàn kò sì lè yíra padà. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá nínú páálí kan náà kò mọ òmíràn lágbàáyé ju ẹ̀rọ yẹn lọ, àwọn méjèèjì á jọ gbó ni. Tèmi ló wà lábẹ́ òròmọdìẹ tí wọ́n ti tà tipẹ́.

Mo pe màmá mi. N kò tilẹ̀ kí wọn dáadáa.

"Màmá, ewé tí ẹ kó lọ níjọ́sí, ṣé ó ṣì wà?"

Wọ́n ní, "Kéwú ni. Níbo ló máa lọ?"

Mo gun ọ̀kadà, Ìkirè kò kúkú jìnnà. Bàbá mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé kéwú. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní ìmí kan: ẹyin, ìyá opó, ooru. Wọ́n ṣàlùwàlá, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n gbé ìdì funfun kan jáde. Inú ẹ̀ ni ewé mi wà, wọ́n ti tò ó ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n sì ti fi òwú rán etí rẹ̀ pọ̀. Ojú tì mí gan-an.

Síbẹ̀, àrùn fóònù kì í tètè kúrò lára. Mo fa fóònù yọ, mo ní kó túmọ̀ ewé náà fún mi. Ìgbẹ́ òròmọdìẹ ti gbẹ mọ́ ibi púpọ̀, àwọn lẹ́tà mìíràn sì ti ṣá. Fóònù gbìyànjú. Ó ní kí n fi ìfẹ́ nu orí ẹni tí ń gbọ́.

Bàbá mi wo fóònù náà, wọ́n wo èmi náà.

Wọ́n ní, "Jẹ́ ká máa lọ."

Ọ̀kadà méjì la gùn padà sí Àpòmù, bàbá mi fi ìwé náà sínú agbádá ní igbá àyà wọn. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun náà sórí itan, wọ́n wá ibi tí orí ọ̀rọ̀ àìsàn ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní "Bismilláàhi", wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á bí wọ́n ṣe ń ka gbogbo ìwé láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá dé ilé kéwú wa rí mọ ọ̀nà tí mò ń wí: wọ́n á pe ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á pe òmíràn, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n tó kọjá sí ìlà tó kàn.

"'Qabla', kí ó tó di pé, 'an talmisa', ìwọ fọwọ́ kan, 'ayya zirrin', bọ́tìnnì èyíkéyìí. Kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì èyíkéyìí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ìyẹn. Ẹ wá ibi tí lẹ́tà E wà, ẹyin ń tutù."

Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "A kì í ka ìwé bí ẹni tó ń ṣa ẹran nínú ọbẹ̀. Jókòó."

Mo jókòó. Kí ni n ó ṣe? Wọ́n fi èékánná ha ìgbẹ́ adìẹ kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n gbé ewé náà sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ń bá a lọ. Ìwé ní kí èèyàn tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì èyíkéyìí, kí ó gé iná. Lẹ́yìn tí ó bá ti gé iná, kí ó wá orí kékeré tí ń gbọ́ ooru, kí ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé ìyẹ́ ọmọ ẹyẹ a máa bò ó.

Mo dìde, mo ki orí bọ inú ẹ̀rọ. Orí sẹ́ńsọ̀ náà wà lókè lẹ́yìn, ìyẹ́ òròmọdìẹ tó yọ kẹ́yìn ti dì mọ́ ọn lára bí òwú. Ìyẹn ló fa lẹ́tà E láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, bí wọ́n ṣe wí. Tí bàbá mi bá gbọ́ tèmi kí wọ́n fo ibẹ̀ ni, n kò ní mọ̀ ọ́n láéláé.

Wọ́n wá dé ibi lẹ́tà E. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni kí a tẹ̀ títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti nawọ́ láti tẹ̀ ẹ́ nígbà tí bàbá mi gbé ìka wọn sókè pé ó ku ìlà kan.

Wọ́n kà á jẹ́ẹ́, wọ́n túmọ̀ rẹ̀: "Ẹni tí ó bá sì ti tẹ méjèèjì pọ̀, òṣùwọ̀n ooru rẹ̀ ti nù. Kí ó dá a padà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà tí ó wà nísàlẹ̀ yìí." Wọ́n gbójú sókè. "Ta ló tẹ méjèèjì pọ̀?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

"Wọ́n ti mọ̀ ọ́ láti Ṣáínà."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà náà jẹ́ ti Lárúbáwá, tí n kò lè kà. Bàbá mi ń pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, wọ́n á ní kí n tún un pè fún àwọn, n ó tún un pè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ kéwú nìyẹn. Mo tan iná padà. A jókòó ti tẹmómítà onígíláàsì yẹn, àwa méjèèjì, títí ó fi dé mẹ́tàdínlógójì ààbọ̀, tó sì dúró síbẹ̀. Bàbá mi wo inú ẹ̀rọ fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Wọ́n bi mí pé báwo ló ṣe ń yí ẹyin láìní ẹsẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn, ó pẹ́ díẹ̀, wọn kò sì dá mi dúró.

Ní ọjọ́ kejì, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ ẹyin wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí i pé àwọn kan ń mira nínú, àwọn kan kò mira mọ́. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ooru wákàtí àárọ̀ yẹn ti pa díẹ̀ nínú wọn. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan láàárín èmi àti ọkàn mi. Kò sí ẹni tí ẹyin rẹ̀ máa ń yọ tán, gbogbo oníbàárà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní, "Ìyá, àwọn yìí kò ní ọmọ nínú," wọ́n á gbà. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi bá ọ̀rọ̀ náà jà.

Ìyá Ìkòyí dé ní ọjọ́ tó pé. Ọmọ tòlótòló mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló yọ. Wọ́n kúnlẹ̀ tì wọ́n, wọ́n ń fi ìka kan wọn lórí, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ni n kò lè gbà.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má tíì dúpẹ́. Kì í ṣe ẹyin yín ló burú. Mo tẹ ohun tí kò yẹ kí n tẹ̀, ooru sì mú wọn. Èmi ni mo pa àwọn tó kú."

Wọ́n gbé ọwọ́ wọn kúrò lórí àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Kó àwọn yòókù wá."

Mo kó ẹyin mọ́kàndínlógún wá. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fọ́ ọ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ọmọ náà ti pé. Ó ní ìyẹ́, ó ní èékánná, ojú rẹ̀ dì.

Wọ́n ní, "Eléyìí ì bá yọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo ń sunkún, n kò sì fi pamọ́. Wọn kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Wọ́n fi etí ìró wọn nu ọwọ́.

"Mi ò ní sọ fún ọ pé kò burú. Ó burú. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ o ò parọ́ fún mi." Wọ́n dìde. "Báwo lo ṣe wá rí èyí tó kù gbà là?"

Mo sọ ti ìwé náà fún wọn, ti bàbá mi, àní ti òròmọdìẹ tó ń yàgbẹ́ lé e.

"Ṣé bàbá rẹ ka ìwé ọ̀hún tán?"

"Rárá, mà. Orí kan ṣoṣo ni a kà."

"Kí wọ́n kà á tán. Tí Ọlọ́run bá jẹ́ kí n tún ní ẹyin, n ó bi wọ́n."

Wọ́n gbé páálí ọmọ tòlótòló wọn, wọ́n lọ.

A kà á tán. Lẹ́yìn ìrun Ásárì ni mo máa ń lọ sí Ìkirè, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mo jókòó sórí ẹní bí mo ṣe jókòó kí n tó sá. Bàbá mi ń túmọ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kò mọ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ, kí lo rò pé ó jẹ́?" Èmi náà á sọ ohun tí mo rò. Nígbà mìíràn a máa ń jiyàn. Màmá mi kò dá sí i, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí tíì bàbá mi tutù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, n kò tíì kọ fóònù sílẹ̀. Mo ti ya fọ́tò ewé kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kí ikán má baà fi mí ṣẹ̀sín. Ohun tí fóònù dára fún, mò ń fi ṣe é. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí mo kọ náà, mo ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sórí kádíbọ́ọ̀dù, mo fi ọ̀rá wé e, mo kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí ẹnikẹ́ni tó mọ Á-bí-dí lè kà á. Ẹ̀rọ yòówù kí n rà báyìí, ìwé inú páálí ni mo máa kọ́kọ́ gbé. Télọ̀ ọjọ́sí ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó sì ń gba owó ẹ̀rín rẹ̀ padà lára mi díẹ̀díẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí ìyá Ìkòyí tó tún yọ sí wa. Bàbá mi wà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí pé wọ́n ti ń yà báyìí tí wọ́n bá wá sí Àpòmù. Agbọ̀n wà lórí ìyá náà, ẹyin kún inú rẹ̀. Mo kí wọn, wọn kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, ẹrù ṣì wà lórí wọn.

Wọ́n ní, "Ààfáà, ẹ kú ọ̀sán. Ìwé yẹn, ṣé ẹ kà á tán?"

Bàbá mi ní, "A kà á tán. Ọmọ mi yìí gan-an ló kà á fún mi nígbà kejì."

Ìyá náà wò mí díẹ̀. Wọ́n wá na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n gbé agbọ̀n ẹyin náà kúrò lórí, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́.